Kòtò Àjẹkù Ìyáàfin Ọlákẹ́mi

Lásìkò tí wọ́n ń la títì tó gba Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ kan wà lẹ́bàá Igbó Ẹfọ̀n. Ìyáàfin Ọlákẹ́mi ló ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ó kàwé nílùú òyìnbó, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ ọ pé kò sí nǹkan tó yẹ kéèyàn dà nù lásán. Nígbà tó dé, ó ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá kan sẹ́yìn ilé ìdáná. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrẹsì ìsàlẹ̀ ìkòkò, inú kòtò yẹn ni gbogbo wọn ń lọ. Bí wọ́n bá jẹrà tán, wọn á kó wọn dà sí oko kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ohun tí oko bá mú jáde, ilé ìdáná á sè é, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní olùrànlọ́wọ́ á sì jẹ nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn oníwèé ìròyìn ti wá ya fọ́tò kòtò náà, Ìyáàfin Ọlákẹ́mi sì dúró tì í.

Kò bá àwọn tó ń jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ ya fọ́tò o.

"Wo bí wọ́n ṣe ń jẹun," ó máa ń sọ fún Sẹ̀kínátù, olórí àwọn tó ń dáná. "Bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀."

"Ebi ni, mà."

"Ebi kọ́. Àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ohun tí wọ́n bá bá nílé ìyá wọn náà ni wọ́n ń ṣe."

Sẹ̀kínátù dàgbà jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n "ìwọ" ni Ìyáàfin Ọlákẹ́mi máa ń pè é. Bí mọ́tò rẹ̀ bá ń kọjá lọ́jà Ajah, á yí gíláàsì sókè. Lakowe ni àwọn ẹbí rẹ̀ wà, àmọ́ kò tíì débẹ̀ láti ìgbà tó ti ti òkè òkun dé. Ó ní iyanrìn ọ̀nà ibẹ̀ á ba mọ́tò òun jẹ́.

Yẹ̀kínì wà lára àwọn tó ń jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́. Awakọ̀ ni bàbá rẹ̀ ní Ìkàtẹ́ kó tó kú. Kò rówó yàrá san nínú ọgbà, inú Igbó Ẹfọ̀n ló ti ń fẹsẹ̀ rìn wá. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni pé kó máa gbé àjẹkù lọ sí kòtò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyáàfin Ọlákẹ́mi dúró lójú fèrèsé, ló bá rí i. Ọmọkùnrin náà dúró sẹ́yìn igi àgbọn, ó bu ìrẹsì ìsàlẹ̀ ìkòkò sínú abọ́, ó fi ewé bò ó, ó sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn jáde.

"Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe báyìí?" ó bi Sẹ̀kínátù.

"Ó ti ṣe díẹ̀, mà. Mo rò pé—"

"Ta ló ní kó o máa rò?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n pe Yẹ̀kínì sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, Àlàájì Mùnírù. Ìyáàfin Ọlákẹ́mi ní kí Sẹ̀kínátù náà wá ṣe ẹlẹ́rìí.

"Mádàámú, ìrẹsì ìsàlẹ̀ ìkòkò ṣáà ni," Àlàájì wí. "Ẹ jẹ́ ká kìlọ̀ fún un."

"Oúnjẹ ilẹ̀ ni, Àlàájì. Bí wọ́n bá ń jí ti ilẹ̀ jẹ, kí ni ilẹ̀ fẹ́ fún wa?" Ó kọjú sí Yẹ̀kínì. "Ṣé o ń tà á ni?"

"Rárá o, mà. Ìyá àgbà kan ni mo ń gbé e lọ fún. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, wọn ò lè dáná."

Ìyáàfin Ọlákẹ́mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá gbọ́! Àwa ń bọ́ ọ, ìwọ náà wá ń bọ́ èèyàn. Ṣé kò lẹ́bí ni?"

"Ẹbí ló ta ilé mọ́ wọn lórí, mà."

"Kò bímọ?"

Yẹ̀kínì bojú wo ẹnu ọ̀nà.

"Mo ní, ṣé kò bímọ ni?"

"Wọ́n bí, mà. Ọ̀kan ṣoṣo."

"Ṣé ọmọ náà rí jẹ?"

"Ó rí jẹ, mà. Dáadáa."

Ìyáàfin Ọlákẹ́mi fọwọ́ lu tábìlì. "Ẹ ò rí wọn bí! Ọmọ rí jẹ, ìyá ń jẹ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹranko ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀! A máa ránṣẹ́ pè é, kó wá gbé ìyá rẹ̀ kúrò lọ́rùn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Dárúkọ rẹ̀."

"Ìyá ní n ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀, mà. Wọ́n ní ojú á tì í."

"Kí ojú tì í dáadáa!"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin nìkan."

"Àṣírí wo ló wà láàárín èmi àti ìwọ? Sẹ̀kínátù, má jáde o, dúró kó o gbọ́. Bó ò bá dárúkọ ẹ̀, oúnjẹ ọ̀fẹ́ ti tán nìyẹn, kó o palẹ̀ ìwé rẹ mọ́ lónìí."

Àlàájì Mùnírù bọ́ awò ojú rẹ̀. "Sọ ọ́, ọmọ mi," ó rọra wí. "Ta ni ọmọ ìyá náà?"

Yẹ̀kínì kò wo Àlàájì, Ìyáàfin Ọlákẹ́mi ló kọjú sí, ó wólẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ̀yin ni, mà."