Ẹrù Ìṣípà Ní Ẹ̀dínwó

Láyé àtọ̀run, kò sí ẹni tó ń ta ẹrù ọdẹ ní ọ̀pọ̀ tó Láṣebíkan. Bó bá polówó ọjà, ìgalà tó wà lókè òkun á sá wọ ihò. Kì í kúkú ra ẹrù tó ń tà. Bí àwọn ọdẹ bá ṣe ìṣípà fún òkú ẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n gbé ẹrù rẹ̀ sínú igbó kó lè máa lọ ní àlàáfíà, Láṣebíkan á yọ́ lọ kó o, á fi epo nù ún, ó di ọjà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, bó ṣe fẹ́ ti ìsọ̀, ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ajá Láṣebíkan, tó máa ń gbó afẹ́fẹ́ lásán, rọra wọ abẹ́ tábìlì.

"Láṣebíkan, o kú ọjà. Owó ọwọ́ mi ò pọ̀."

"Bàbá ọdẹ, ẹ wọlé. Tálákà náà ni mò ń tà fún."

Ọkùnrin náà mú fìlà ọdẹ kan lórí àtẹ, ó dé e, ó bá orí rẹ̀ mu rẹ́gí. Ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó bá a mu. Ó kì ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láìwò, ó fa orógbó yọ. Bẹ́ẹ̀, Láṣebíkan ti gbọn àpò yẹn láàárọ̀, òfìfo ni.

"Ta ló ni ín tẹ́lẹ̀?"

"Ọdẹ kan ni," ni Láṣebíkan wí, ó fi tipátipá rẹ́rìn-ín. "Ó ti fẹ̀yìn tì."

"Kò tíì fẹ̀yìn tì. Ibodè ọ̀run ni wọ́n ti dá a padà, wọ́n ní kí ló dé tí ọdẹ ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo."

Ọkùnrin náà mú ìbọn kúrò lára ògiri. Ó yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó yá, sáré. Mi ò kì í yìnbọn fún ẹran tó dúró sójú kan."