Aláìsàn Kan, Olùtọ́jú Kan

Ó wà lára pátákó tó wà lẹ́nu géètì ọgbà ìgbafẹ́ náà, lábẹ́ iye owó ìwọlé: aláìsàn tí kò lè dá jáde kò ní sanwó, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ náà kò ní san. Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì, obìnrin tó ń gbowó níbẹ̀, ti wo pátákó yìí títí ó fi sú u. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ nìyí nínú ilé onígi kótópó yẹn.

Láràárọ̀, ní aago mẹ́jọ, tọkọtaya kan máa ń dé. Ọkọ á jókòó sínú àga onítáyà, ìyàwó á máa tì í. Àwọn òṣìṣẹ́ ti sọ ọkọ ní Alága, nítorí wọn ò rí i kó dìde lórí àga rí. Ìyàwó máa ń wọ aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó sì ń fi aago há àyà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ṣe fẹ̀yìntì.

"Ẹ káàárọ̀ o," ìyàwó á ní. "Ṣé ẹni tuntun ni yín níbí?"

"Ẹni tuntun ni mí, mà," Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì á dáhùn. Nígbà kan, àwàdà yìí máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Oṣù mọ́kànlá ti kọjá, ó ti ń rẹ̀ ẹ́.

Alága á na káàdì ọsibítù sókè. Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣí i. Àga wà níwájú rẹ̀, kí ló tún fẹ́ máa ka ìwé sí? Á kàn kọ ọ́ sílẹ̀: aláìsàn kan, olùtọ́jú kan. Ó ti rí i pé bàtà Alága jẹ ní gìgísẹ̀, ṣùgbọ́n bàtà ta ni kò jẹ láyé ọ̀wọ́n yìí?

"Ọwọ́ ọ̀tún, nọ́ọ̀sì," Alága á wí bí wọ́n bá ti wọlé. "Ọwọ́ ọ̀tún."

Ní ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀gá ọgbà fa ojú ro wọlé.

"Agbálẹ̀ rí Alága yín lánàá," ó ní. "Ó fò dìde lórí àga, ó sáré dé etí adágún omi, ó fa ìyàwó ẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni ń jà."

"Háà! Alága wo?"

"Alága yín náà. Oṣù mọ́kànlá lẹ fi ń kọ ọ̀fẹ́ fún un. Tó bá lè dìde lọ́la, owó oṣù yín la máa yọ gbogbo ẹ̀ nínú, ẹ ó sì kó ẹrù yín."

Owó oṣù yẹn ni òun àti ìyá rẹ̀ arúgbó ń jẹ, òun ni wọ́n fi ń san owó ilé. Inú bí i dé góńgó.

"Igún ṣoore, ó pá lórí," ó ní.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá ti dúró ní géètì kí wọ́n tó dé.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹni tuntun ni yín níbí?"

Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì kọjú sí ọkọ. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè rìn?"

Alága kọ́kọ́ wẹ̀yìn. "Ẹ rọra sọ̀rọ̀," ó ní. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wo òdòdó yẹn ná, bóyá ó ti yọ."

Ìyàwó lọ bẹ̀rẹ̀ síbi òdòdó.

"Ẹ dìde," ọ̀gá ní.

Alága dìde. Kò di nǹkan kan mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ̀n.

"Ẹ ti pa mí, bàbá," Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì ní. Omi ti lé sójú rẹ̀. "Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

"Ẹ má bínú. Ó ti rẹ èmi náà." Ó na káàdì sí i. "Ẹ ṣí i. Ẹ ò ṣí i rí."

Ìyàwó gbójú sókè, ó rí i pé àga ti ṣófo, ó sì sáré padà.

"Ta ló ní kí aláìsàn mi dìde?" Ó di ọkùnrin náà léjìká mú. "Ẹ jókòó, bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Bí àwọn ẹbí yín bá dé, kí ni mo fẹ́ wí fún wọn?"

Alága jókòó.

Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì ṣí káàdì náà: fọ́tò obìnrin aláṣọ funfun ló wà níbi orúkọ aláìsàn, dókítà sì ti kọ ọ́ sábẹ̀ pé kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́, títí kan ọkọ rẹ̀, àti pé ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ àfi tó bá rí aláìsàn tọ́jú.