Ẹsẹ̀ Màmá Nínú Ìsun Omi Gbígbóná

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbede méjì. Ẹ kà á parí, pàápàá ẹ̀yin tí òbí àgbà wà lọ́dọ̀ yín.

1.
Káfíńtà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin yìí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí iṣẹ́ igi: bẹ́ẹ̀dì tó bá kàn, ọmọ ọmọ ẹni lè sùn lórí rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé bó bá ti sọ̀rọ̀, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè yí i lọ́kàn padà.

Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Àrùn ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá Màmá fínra tipẹ́, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì sì ti kú. Bí abẹ́rẹ́ gún wọn níbẹ̀, wọn ò ní mọ̀. Ìyàwó Káfíńtà ló ń tọ́jú ẹsẹ̀ náà. Láràárọ̀ ni yóò fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́, yóò nu àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan, yóò sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò bóyá nǹkan gún un.

Ní ọjọ́ kan, oníbàárà kan sọ fún Káfíńtà pé ìsun omi gbígbóná kan wà láàárín àwọn òkè, tó ń wo ẹsẹ̀ dídùn sàn. Inú rẹ̀ dùn délé.

"Ní Sátidé, gbogbo wa ń lọ."

"Dádì, dókítà ní kí omi gbígbóná má kan ẹsẹ̀ Màmá o," ni ìyàwó rẹ̀ sọ.

"Láti ìgbà tí dókítà ti ń sọ̀rọ̀, ṣé ẹsẹ̀ náà ti sàn?"

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

2.
Ọ̀nà náà jìn, kò sì dáa. Níbi tí títì ti tán, wọ́n gbé ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn. Fóònù wọn ò mú nẹ́tíwọ́kì mọ́. Káfíńtà pọn ìyá rẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ wọn obìnrin ń sáré níwájú, Màmá sì ń dẹ́rìn-ín pa wọ́n.

"Bí ẹsẹ̀ yìí bá fi lè sàn, ijó ni mo máa kọ́kọ́ jó. Ẹ yáa wá ẹni tí yóò mú mi!"

Bàbá kan tó ń bójú tó ibẹ̀ pàdé wọn lójú ọ̀nà. "Adágún ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti wẹ̀ o. Ojú ìsun tó wà lókè yẹn, ewu ni."

Ṣùgbọ́n èrò ti kún adágún ìsàlẹ̀, omi rẹ̀ ò sì ju lílọ́wọ́ọ́rọ́ lọ. Káfíńtà yọ ṣùtì. "Ṣé èyí ni mo gbé ìyá mi wá bá?" Ó gòkè lọ.

Lókè, èéfín ń rú lórí omi. Ìyàwó rẹ̀ di apá rẹ̀ mú. "Dádì, mo bẹ̀ yín. Màmá ò lè mọ̀ bó bá ń jó wọn."

"Ìyá mi ni, kì í ṣe ìyá tìẹ."

Obìnrin náà fi í sílẹ̀. Káfíńtà ti ọwọ́ bọ omi, kó lè fi hàn án pé kò sí nǹkan kan. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbi tí mo dé yìí: omi náà jó o. Pẹ̀lú bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣe yi tó, ó jó o. Ó yára yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ń wò ó, òun náà sì ti sọ̀rọ̀ kọjá ibi tó ti lè padà. Ló bá rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa gan-an. Màmá, ẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́."

Màmá gba ọmọ wọn gbọ́. Wọ́n ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín. Ọmọdébìnrin yẹn ló kọ́kọ́ rí i.

"Màmá Àgbà, awọ ẹsẹ̀ yín ń bó!"

3.
Kí wọ́n tó dé ìdí ọkọ̀, kí wọ́n tó rí ilé ìwòsàn, ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Àbúrò Káfíńtà obìnrin bá wọn níbẹ̀, ó sì dojú kọ ìyàwó.

"Ìyàwó wa, ṣebí ìwọ lò ń tọ́jú wọn? Ojú rẹ dà tí omi fi bó ìyá mi?"

Ìyàwó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó ń dúró. Káfíńtà ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni ohùn Màmá ti jáde. "Ẹ fi ìyàwó yẹn sílẹ̀. Èmi ni mo ní mo fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́."

Irọ́ ni. Káfíńtà mọ̀, ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Síbẹ̀, Káfíńtà jẹ́ kí ìyá rẹ̀ pa irọ́ náà.

Ẹsẹ̀ òsì jinná. Ti ọ̀tún kẹ̀, dókítà sì gé e nísàlẹ̀ orúnkún.

4.
Nígbà tí wọ́n gbé Màmá padà sílé, Káfíńtà ò lè jẹun, kò lè gbá ìṣó kan kó lọ tààrà. Níkẹyìn, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá, ìyàwó àti àbúrò rẹ̀.

"Omi yẹn jó mi lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ó gbóná. Ojú ló ń tì mí láti sọ pé mo ti ṣìṣe."

Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́kún, ó kúnlẹ̀ bẹ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Màmá na ọwọ́, wọ́n fi pa Káfíńtà lórí. "Mo ti mọ̀, ọmọ mi. Mo rí bí o ṣe yọ ọwọ́ rẹ. Mo rò pé o ò ní gbé mi síbi tó burú ni."

Gbólóhùn yẹn ò kúrò létí Káfíńtà títí dòní. Ìyàwó rẹ̀ dárí jì í, wọ́n sì jọ ń gbé. Ṣùgbọ́n bí Káfíńtà bá bi í léèrè nǹkan kan báyìí, ìdáhùn kan náà ló ń gbọ́: "Bẹ́ ẹ bá ṣe fẹ́, Dádì."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn bá ní "rárá", ẹ gbọ́ ọ. Bí ẹ bá sì ti rí i pé ẹ ti ṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, bí gbogbo ayé tilẹ̀ ń wò yín. Ìtìjú náà ò ní pẹ́ tán nílẹ̀. Ẹsẹ̀ Màmá ò lè hù padà.