Imú Orest àti Ìrànwọ́ Ìjọba ní Verdane

Ẹ má ṣe já ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á tán, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹni yẹn tí ẹ mọ̀, tó máa ń sọ pé òun kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́.

1.

Nígbà tí ọjà epo dẹnu kọlẹ̀, gbogbo Verdane ní àríwá Alberta, ní Kánádà, ló dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àwọn ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ kànga epo dúró sẹ́yìn ìlú, yìnyín sì bò wọ́n. Orest Babiak, tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ nídìí epo, wá di ẹni tó ń gbá ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Ìjọba àpapọ̀ ní Ottawa kéde ìrànwọ́. Wọn yóò gba àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn láti dí àwọn kànga àtijọ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ pa tì sínú oko àwọn àgbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: ẹni tí ìwé ẹ̀rí ààbò rẹ̀ bá ti kọjá ọjọ́ gbọ́dọ̀ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan lórí gáàsì olóró. Ọ̀fẹ́ ni. Wọn yóò sì fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò fi há ọrùn ẹ̀wù, èyí tí yóò máa pariwo bí gáàsì bá wà nítòsí.

Ìwé ẹ̀rí Orest ti kọjá ọjọ́.

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀?" Orest ló ń bá Dwayne, àbúrò ìyàwó rẹ̀, sọ̀rọ̀ nílé oúnjẹ tí wọ́n ti máa ń mu kọfí. "Ìgbà wo ni Ottawa fún wa ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ rí? Orúkọ wa ni wọ́n ń kó jọ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ tán, wàá rí ohun tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ."

"Kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ, ọ̀gá? Ọkọ̀ ẹ tó ń jo epo, àbí ikùn ẹ?"

"Máa rẹ́rìn-ín."

Dwayne lọ ní tirẹ̀. Ó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó sì gba ẹ̀rọ. Nígbà tí wọn kò rí Orest, Janelle tó ń kọ́ wọn wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Babiak, mo ti fi àyè sílẹ̀ fún yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ yìí kọjá yín ni."

"Èmi ni mo kọ́ bàbá ẹ níṣẹ́. Imú mi yìí ti ń gbóòórùn gáàsì kí wọ́n tó bí ẹ."

"Imú yẹn gan-an ló kọ́kọ́ máa ń pa. Bí gáàsì yẹn bá pọ̀, ẹ ò ní gbóòórùn ẹ̀ mọ́."

Orest ti ilẹ̀kùn. Ó lọ dúró sẹ́yìn aṣọ fèrèsé, ó ń wo ilé tí Janelle tún máa yà sí.

2.

Ẹ fara balẹ̀ níbí yìí. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ kò béèrè ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ Orest. Ta ni yóò béèrè ìwé lọ́wọ́ Orest Babiak ní Verdane? Wọ́n rán òun àti Dwayne lọ sí kànga kan tó wà nínú kòtò láàárín oko àlìkámà.

Nínú ọkọ̀, Orest ń wo ọrùn ẹ̀wù Dwayne.

"Kí ni iná yẹn ń ṣẹ́jú sí?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ ni."

"Ó ń kọ ìṣísẹ̀ ẹ sílẹ̀ ni. Ìgbà tó o jókòó, ìgbà tó o mu kọfí. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lé ẹ, wọ́n á gbé e jáde. Yọ ọ́."

"Janelle ní ká má yọ ọ́ o."

"Ta lo fẹ́ gbọ́ tiẹ̀, Janelle àbí èmi?"

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni Dwayne, kò sì sí ohun tó mọ̀ nídìí epo tí kì í ṣe Orest ló kọ́ ọ. Ó yọ ẹ̀rọ náà, ó fi sí iwájú ọkọ̀. "Ó dáa. Kí ọkàn ẹ ṣáà balẹ̀."

3.

Orest tú ìdérí kànga. Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ jáde sí wọn.

"Ṣé o gbọ́ ọ? Imú mi ṣì pé!"

Wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n dúró. Kò pẹ́ tí òórùn náà fi lọ.

"Afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ," ni Orest wí, ó sì padà sídìí kànga.

Afẹ́fẹ́ kò gbé ohunkóhun lọ. Imú wọn ni kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Orest ṣubú lulẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Wọ́n ti kọ́ Dwayne pé kó sá lọ mú ìbòjú ààbò nínú ọkọ̀ ná, ṣùgbọ́n ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà nílẹ̀ yẹn. Ó sáré wọ inú kòtò náà, ó fà á títí orí Orest fi kọjá etí kòtò náà sókè. Ìsàlẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ṣubú sí.

Àgbẹ̀ kan tó ń gbé koríko lọ fún màlúù rẹ̀ ló rí wọn, tó pe àwọn adóòlà ẹ̀mí. Nígbà tí wọ́n dé, ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí sílẹ̀, ẹ̀rọ kékeré náà sì ń ké kíkankíkan nínú rẹ̀.

Orest yè. Dwayne kú.

4.

"Ẹ̀rọ gbàrọgùdù ni Ottawa fún wọn!" Ohun tí gbogbo ìlú ń sọ nìyẹn; kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó gbé e dé inú ọkọ̀. Wọ́n dá iṣẹ́ dúró lórí gbogbo kànga kí wọ́n lè ṣe ìwádìí, àwọn òṣìṣẹ́ tó kù sì padà sílé. Orest gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ibùsùn ọsibítù.

Marlene, ìyàwó rẹ̀, dúró síwájú rẹ̀.

"Àbúrò mi wọ ẹ̀rọ yẹn wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ló ní kó yọ ọ́?"

"Bóyá ó já bọ́ ni."

"Orest."

"Èmi ni."

Marlene mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀. "Lọ sọ fún ìyàwó Dwayne kó o tó sọ fún àwọn olùwádìí. Má dúró dè mí nílé."

Ó sọ fún wọn. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, àwọn yòókù padà sẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pe Orest. Bó bá wọ ilé oúnjẹ náà báyìí, àwọn tó wà níbẹ̀ á rẹ ohùn sílẹ̀. Ó dá a lójú pé òun ni wọ́n ń sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, n kò ní kí ẹ má fura sí ìjọba. Ẹ béèrè, ẹ ka ìwé wọn, ẹ bi ẹni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìdáhùn bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe fi ìgbéraga tì í sẹ́yìn kí ẹ sì máa pè é ní ọgbọ́n. Bí ẹ kò bá fẹ́ ohun tó lè gbà yín là, ó kù sí yín lọ́wọ́. Ẹ má ṣe bọ́ ti ẹlòmíràn kúrò lọ́rùn rẹ̀.