Eruku Tí Fàsásì Gbé Wọlé

Fàsásì kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe olè. Àìgbọràn ni àléébù tirẹ̀. Káfíńtà ni ní Múṣín, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá nídìí kíkan àjà ilé. Láti ìgbà tí a ti gba òmìnira ló ti ń fi ayùn rẹ́ pátákó asibẹ́sítọ́ọ̀sì, tí eruku funfun rẹ̀ á bò ó bí ẹni tó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì.

Níbi ilé kan tí wọ́n ń kọ́ ní Ìpọ̀nrí, Gbádé tó jẹ́ fọ́mánù wọn pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bomi rin pátákó yìí kí ẹ tó rẹ́ ẹ, kí ẹ sì faṣọ bo imú. Wọ́n ní eruku yìí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́."

"Omi ò ní jẹ́ kí ayùn yá," ni Fàsásì dá a lóhùn. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fa eruku yìí símú. Kí ló ṣe mí?"

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ó tún wá ń kó iṣẹ́ wálé, ó ń rẹ́ pátákó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Làbákẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀, òun náà ló ń gbọn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kó tó fọ̀ ọ́.

"Bàálé mi, ẹ máa ṣe é níta," ni obìnrin náà bẹ̀ ẹ́. "Ọ̀fun ń yún mi."

"Ṣí fèrèsé."

Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí yóò fi di ọdún tí wọ́n ṣe àjọ̀dún Fẹ́sítáákì, Làbákẹ́ kò lè pọn omi láti ẹnu ẹ̀rọ délé kó má dúró mí. Fàsásì ní ata tó ń lọ̀ ló fà á. Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, dókítà ya fọ́tò àyà Làbákẹ́, ó sì béèrè iṣẹ́ tọkọtaya náà. Nígbà tó gbọ́, ó gbé fọ́tò náà síwájú Fàsásì.

"Eruku yẹn dà bí abẹ́rẹ́ tín-ín-rín," ló wí. "Ó ti gún ẹ̀dọ̀fóró ìyàwó yín títí ó fi le gbagidi. A ò lè yọ ọ́ mọ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀yin náà wò."

Fàsásì kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Làbákẹ́ kú kí ọyẹ́ tó dé. Bí wọ́n ti ń gbé òkú rẹ̀ lọ sí itẹ́, Fàsásì tẹ̀ lé wọn díẹ̀, èémí rẹ̀ já. Wọ́n fi í jókòó sórí bẹ́ńṣì kan lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn tó gbé òkú kò lè dúró. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe yà ní kọ́nà. Òun tó jẹ́ ọkọ kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bu erùpẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, orí ìjókòó ló ń sùn, nítorí bó bá dùbúlẹ̀, àyà rẹ̀ á dí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jìjàkadì pẹ̀lú èémí títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ mọ̀ pé ewu tí kò pani lójú ẹsẹ̀ lè pani lọ́la. Ẹ gba ìkìlọ̀ nígbà tí ara ṣì le, ẹ má sì gbé ohun tó ń ṣekú pani wọlé tọ ará ilé yín lọ. Alágídí kì í dá jìyà. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ ni í kọ́kọ́ bá a jẹ ẹ́.