Ẹyẹ Elétí Lára Kimónò

Dáhùnsí kò fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ lọ wo àwọn kimónò náà, ṣùgbọ́n kò pariwo. Kì í pariwo mọ́ Morádéún láti ìgbà tí omi ti gbé Timothy lọ.

"Oòrùn á pa ẹ́ ní Àpápá," ló ní. "Jókòó, kó o sinmi. Ìsìn ìrántí ọmọ yẹn ti kù sí dẹ̀dẹ̀."

Ìsìn yẹn gan-an ló ń jẹ Morádéún lọ́kàn. Dáhùnsí ti bá pásítọ̀ sọ ọ́: lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, wọn yóò gbàdúrà ìkẹyìn fún Timothy, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wọn yóò sì kà á mọ́ àwọn tó ti sùn. Gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì ló gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Morádéún nìkan ni kò tíì dáhùn. Ẹnu rẹ̀ kọ̀ láti pe ọmọ rẹ̀ ní òkú nígbà tí kò rí sàréè rẹ̀.

Timothy ló fẹ́ rìnrìn àjò ní tipátipá. Morádéún sì búra pé bó bá fi ẹsẹ̀ kan inú ọkọ̀ òkun, òun fúnra òun yóò lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn ìmígíréṣọ̀n kí wọ́n dá a padà. Nígbà tó yá, Dáhùnsí, tó ń kó ẹrù ní èbúté Tin Can nígbà náà, sunkún wọlé. Ó ní Timothy ti sá pamọ́ sí ìdí ọkọ̀ kan, ìgbì òkun sì ti gbá a dànù. Ẹnì kan tó rí i ló sọ fún òun. Wọn kò rí òkú.

Ká má parọ́, Dáhùnsí tọ́jú ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ìpè àwọn tó ń bá a kẹ́dùn fẹ́ sọ obìnrin náà di wèrè, òun ló yọ síìmù inú fóònù rẹ̀ sọnù, tó ra òmíràn fún un. Nígbà tí kò lè wo ibùsùn ọmọ náà mọ́ láìsunkún, òun ló kó o kúrò ní Ìjọra Badia wá sí Àmúkòkò, sáàárín àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí. Ó fi iṣẹ́ èbúté sílẹ̀, ó ní ojú òun kò gba omi yẹn mọ́. Ó ra kẹ̀kẹ́ Márúwá kan, ó ra èkejì, Ọlọ́run sì ń bá a ṣe é. Bí ìpè bá wọlé sórí fóònù rẹ̀, ìta ló ti ń gbé e, kí ariwo má baà dí ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn obìnrin àdúgbò a máa fi í bú ọkọ wọn.

Mọ́nsúrátù, aránṣọ tó ń gbé ní yàrá kejì, ló gbé ọ̀rọ̀ kimónò dé. Aṣọ ìbílẹ̀ àwọn ará Japan ni, alápá gbàgẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń fi ọ̀já fífẹ̀ gbà mọ́ ìbàdí. Àwọn kan níbẹ̀ ti ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn orílẹ̀-èdè ayé, wọ́n sì kó díẹ̀ wá fún ìran wíwò ní gbọ̀ngàn kan ní Àpápá.

"Mọ́mì, ẹ wo ti Nàìjíríà," Mọ́nsúrátù na fóònù sí i. "Àdìrẹ ni wọ́n yà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ o. Iṣẹ́ yín rèé!"

Morádéún wo àwòrán náà títí. Ó wọlé, ó sì lọ wọ bàtà. Nígbà tí Dáhùnsí rí i pé kò ní gbọ́, ó tẹ̀lé e.

Àwọn kimónò náà na apá lórí igi nínú gbọ̀ngàn, wọ́n dára lójú. Kòkó ló so lára ti Gánà. Odò àti ọ̀pẹ ló wà lára ti Íjíbítì. Morádéún kọjá lára gbogbo wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ti Nàìjíríà.

"Bàbá Timothy, ẹ wo etí wọn."

Gbogbo ẹyẹ ìsàlẹ̀ aṣọ náà ló ní etí. Láti ìgbà ọmọge ni Morádéún ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ ya àdìrẹ. Nígbà tí Timothy wà ní kékeré, bí ìyá bá ya ẹyẹ tán, ọmọ á fi etí sí i. Ìyá gbá a lọ́wọ́, ó bi í pé ẹyẹ wo ló ní etí. Timothy ní, "Báwo ni wọ́n ṣe máa gbọ́ tí ìyá wọn bá ń pè wọ́n?" Morádéún kò gbé ìkankan nínú aṣọ wọ̀nyẹn lọ sọ́jà rí. Orí ibùsùn ni wọ́n tẹ́ wọn sí.

"Ẹyẹ ni ẹyẹ," Dáhùnsí ní. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. "Jẹ́ ká máa lọ. O tún fẹ́ dá ara ẹ lóró."

"Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ya irú ẹyẹ yìí láyé."

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Adéọlá, tó ń ṣe ògbufọ̀ níbẹ̀, sáré dé pẹ̀lú àgbà obìnrin ará Japan kan. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìyáàfin Harada nìyí, àwọn ló ṣe é."

"Ọmọ mi, bá mi bi wọ́n. Ta ló kọ́ wọn ní ẹyẹ yìí?"

"Má da ara ẹ láàmú, sísítà," Dáhùnsí dá sí i. "Ara ìyàwó mi ò yá." Ó di apá Morádéún mú. Morádéún já apá gbà. Ẹ̀rù ìdáhùn náà ń bà á ju ohunkóhun lọ.

Adéọlá béèrè. Ìyáàfin Harada rẹ́rìn-ín, ó sì sọ̀rọ̀ díẹ̀.

"Wọ́n ní àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ló ń bá wọn ya nǹkan ilé wọn. Ti Nàìjíríà, bọ̀dá kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń di ẹja sínú agolo ni. Timothy lorúkọ ẹ̀."

Morádéún jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn èèyàn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ayọ̀ gbà á lọ́kàn débi pé kò mọ èwo ló ń ṣe. "Ó wà láàyè! Bàbá Timothy, ọmọ wa wà láàyè!"

Dáhùnsí ń wo ọ̀nà ilẹ̀kùn. Ìyáàfin Harada kúnlẹ̀ ti Morádéún, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Adéọlá wo Dáhùnsí kó tó túmọ̀ rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ ṣe é jẹ́jẹ́, Mọ́mì, pé àwọn náà sunkún lọ́jọ́ tó ya ẹyẹ yẹn, torí ìyá ẹ̀ ló fi ń rántí, ìyá ẹ̀ tó kú lọ́sẹ̀ tí Timothy dé ọ̀dọ̀ wọn, bàbá ẹ̀ tó máa ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù látilé ló sọ fún un."