Ọkùnrin Aago Márùn-ún

Ara Fàwáz kò balẹ̀.

Ilẹ̀kùn ilé wọn ní Bódìjà, nọ́ńbà ni wọ́n ń tẹ̀ kó tó ṣí, gbogbo ẹni tó bá sì wọlé, aago tó wọlé ń hàn lórí fóònù Fàwáz.

Lójoojúmọ́, ẹnì kan ń wọlé láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Aago mẹ́fà ni Fàwáz fúnra rẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ dé.

"Sàídátù, ta ni?" ó bi ìyàwó rẹ̀.

"Wàláhì, kò sẹ́nì kankan."

"Èmi ni mo kọ kóòdù tó ń ka aago ilẹ̀kùn yìí. Kì í parọ́!"

Sàídátù gbé ọmọ, ó jáde.

Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé láti Òjóò: "Bàbá Islamiat, ẹ wá aago mẹ́fà tiyín níbẹ̀."

Ó wá a. Kò sí mẹ́fà kankan.

Ó ṣí kóòdù náà wò.

Aago àgbáyé ni dátábéèsì tó ń pa àkọsílẹ̀ náà mọ́ ń kọ. Fàwáz ló gbàgbé láti fi wákàtí kan kún un, kó di aago tiwa.

Ó pe Sàídátù.

"Ṣé ẹ ti wá rí ọkùnrin náà?"